Kí ẹ tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ iléèwé: Bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó dára lówó pọ́ọ́kú

Páálí ẹ̀rọ náà fani mọ́ra. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 512GB, ó sì ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G. Oníṣọ́ọ̀bù ní òun máa bu owó rẹ̀ wálẹ̀ torí pé ọmọ iléèwé ló fẹ́ lò ó. Òbí ná an, ó sanwó, ó gbé e délé, inú ọmọ sì dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìwé PDF tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ ò ṣí, bátìrì ń kú láàárín wákàtí kan, áàpù tí ọmọ fẹ́ fi ṣe ìdánrawò JAMB sì ń sọ pé ẹ̀rọ náà ti gbó jù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń lọ sí Computer Village n'Ìkejà, Queen Cinema n'Ìbàdàn, tàbí ṣọ́ọ̀bù fóònù ní ìlú yòówù. Owó tó lọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó eré. Owó àjọ tí ìyá kó ni, tàbí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ti ń ṣẹ́ jọ láti sáà tó kọjá. Bó bá sì ti lọ, ọdún ẹ̀kọ́ kan lè parí kí òmíràn tó jọ.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ṣeé fi kàwé wà láì jẹ́ pé èèyàn ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ohun tó gbà ni pé kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà fẹ́ ṣe, kó mọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú gbogbo nọ́ńbà ara páálí, kó sì yẹ ẹ̀rọ wò dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ béèrè pé “Èló ni?” Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni “Kí la fẹ́ fi ṣe?” Ọmọ ọdún 8 tó ń kọ́ ABD àti ìṣirò, ọmọ SS2 tó ń múra JAMB sílẹ̀, àti bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ ní National Open University of Nigeria, ìyẹn NOUN, ẹ̀rọ wọn ò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti NOUN. Yunifásítì yìí máa ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní PDF kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dáńlóòdù rẹ̀. Ìwé kan lè ju ọgọ́rùn-ún ojú ewé lọ. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́ nílò ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí lẹ́tà ibẹ̀ sì hàn ketekete. Kámẹ́rà tó dára tàbí ẹ̀rọ tó lè gbé géèmù ńlá ò kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ rárá.

Ti JAMB yàtọ̀ díẹ̀. Láti ọdún 2015 ni àjọ náà ti gbé ìdánwò UTME kúrò lórí bébà pátápátá, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe é. Ìbéèrè 180 ni wọ́n ń dáhùn láàárín wákàtí 2: 60 nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ bá wa pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ṣe GCE ní ọdún 2024. Ọmọ tí kò bá tíì fi ojú àti ọwọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìbéèrè lórí ẹ̀rọ, tí aago sì ń ka ìṣẹ́jú lójú rẹ̀, á fi àkókò ṣòfò níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré.

Tábúlẹ́ẹ̀tì wúlò gan-an fún irú ìdánrawò yẹn. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn òbí kan ò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò JAMB, tòun ti máùsì àti kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ tí máùsì ò bá mọ́ lára lè fi lẹ́tà 8 péré ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti bọ́ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sí èyí tó ti kọjá, S láti parí, àti R láti padà sínú ìdánwò bó bá ṣèèṣì tẹ S. Ọmọ tó jẹ́ pé ìka ló fi ń tẹ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀ dópin lè dé gbọ̀ngàn kí ọwọ́ rẹ̀ máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ò le: kíbọ́ọ̀dù kékeré ṣeé so mọ́ ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú okùn OTG. Ó yẹ kí ọmọ náà sì lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà gidi nígbà mélòó kan kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ẹ rántí pé wọn ò gbà kí ọmọ mú fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì wọ gbọ̀ngàn náà.

Ẹ̀kọ́ tí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ kọ́ wa

Àwọn tó gbé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun á rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Ọdún 2013 ni ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ètò náà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì lónìí: wọ́n ti kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú ẹ̀rọ náà kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ọmọ ò nílò dátà kó tó ṣí ìwé rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ìgbà tí dátà bá wà nìkan ló lè ṣiṣẹ́ á di ohun ọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí owó bá tán nílé. Èyí tó dára fún ẹ̀kọ́ ni èyí tí wọ́n ti kó oúnjẹ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí Wi-Fi bá wà, bóyá níléèwé, níbi iṣẹ́ òbí tàbí lọ́dọ̀ ẹbí kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè dáńlóòdù gbogbo ìwé sáà yẹn, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, àti áàpù ìdánrawò tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, tó ń jẹ́ kí èèyàn gbé Wikipedia odindi sínú ẹ̀rọ kó sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia tí wọ́n kọ ní èdè Yorùbá náà wà.

Nítorí ìdí yìí, kò pọn dandan kí tábúlẹ́ẹ̀tì ní ihò síìmù. Èyí tó jẹ́ Wi-Fi nìkan máa ń dín owó kù, fóònù òbí sì lè fún un ní hotspot nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: òbí ló ń pinnu ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé àti ìgbà tó jáde. Ẹni tó ń dá gbé, tí kò sí fóònù mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ni kó san owó síìmù.

Ojú ẹ̀rọ: ẹ fi bébà A4 wọ̀n ọ́n

Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, láti igun kan sí igun kejì tó dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n 7 íǹṣì, 8 íǹṣì, 10 íǹṣì, kí ni wọ́n já sí lójú ẹni tó fẹ́ kàwé?

Ẹ mú bébà A4 kan, irú èyí tí wọ́n ń lò níbi fọ́tòkọ́pì. Ẹ ká a sí méjì. Ibi tó fẹ̀ dé yẹn, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì 10 íǹṣì ò jìnnà sí i. Ẹ wá tún un ká lẹ́ẹ̀kejì: 7 íǹṣì nìyẹn.

Ojú bébà A4 ni ọ̀pọ̀ ìwé PDF ti wá. Bí wọ́n bá gbé odindi ojú ewé kan sórí 10 íǹṣì, lẹ́tà tó jẹ́ 12 lórí bébà á sún kì bíi 8 àti ààbọ̀. Ó kéré, àmọ́ ó ṣeé kà. Lórí 7 íǹṣì, lẹ́tà kan náà á di 6, bíi lẹ́tà ara páálí oògùn. Ọmọ á máa fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú, á máa tì í sọ́tùn-ún sósì, kí ó tó ka gbólóhùn mẹ́ta á ti sú u. Kò kúkú sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ìyẹn àti fóònù tó ti wà nílé.

Fún ọmọ girama àti yunifásítì, 10 tàbí 11 íǹṣì ló dára jù. Bí owó ò bá dé ibẹ̀, kó má kéré ju 8 íǹṣì lọ. Kí 7 íǹṣì jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké.

Fífẹ̀ nìkan ò tó. Ẹ wo nọ́ńbà méjì tí wọ́n máa ń kọ pọ̀, irú bíi 1024×600, 1280×800 tàbí 1920×1200. Iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú ẹ̀rọ nìyẹn. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́tà ṣe máa ń hàn tó. 1024×600 ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fọ́mọdé, etí lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í gún régé. Kí 1280×800 jẹ́ èyí tó kéré jù tí ẹ máa gbà. Tí ẹ bá rí 1920×1200 lórí 10 tàbí 11 íǹṣì, ojú ọmọ á dúpẹ́.

RAM àti mẹ́mórì: wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, àwọn kan tó ń tajà sì mọ̀ pé wọ́n ń dà á pọ̀. Ẹ wò ó báyìí: mẹ́mórì ni àká, ibi tí ìwé, fídíò àti áàpù ń gbé. RAM ni orí tábìlì, ibi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ sí. Àká lè tóbi, àmọ́ bí tábìlì bá kéré, èèyàn ò lè ṣí ìwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹ̀kọ́, RAM 4GB tó. 3GB á ṣì gbéra, ṣùgbọ́n á máa fà. 2GB sísàlẹ̀ kò bá ayé òde òní mu mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún “4GB + 4GB” tàbí “8GB Extended”. 4GB àkọ́kọ́ ni RAM gidi. Ìkejì jẹ́ àyè tí wọ́n yá lára mẹ́mórì kó lè ran RAM lọ́wọ́, kò sì yára tó o. Irọ́ kọ́ ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má san owó 8GB lórí rẹ̀.

Ní ti mẹ́mórì, 64GB ni kí ẹ máa wá. Android fúnra rẹ̀ àti àwọn áàpù tó bá a wá máa ń gba apá kan tó pọ̀, nítorí náà 32GB tètè ń kún. Bí ihò mẹ́mórì káàdì bá wà lára rẹ̀, ìyẹn tún dára, torí èèyàn lè máa fi àyè kún un díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé.

Bátìrì àti iná

Lórílẹ̀-èdè tí iná ti ń wá tó tún ń lọ, bátìrì ni ọ̀gá. mAh ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tábúlẹ́ẹ̀tì 8 íǹṣì tó dára sábà máa ń ní bíi 5,000mAh, ti 10 tàbí 11 íǹṣì máa ń ní 7,000mAh sókè. Bí wọ́n bá kọ 10,000mAh sára ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó fúyẹ́ bí ìwé kíkọ, ó yẹ kí ara fu ẹni tó fẹ́ rà á.

Ṣájà náà kà. Ṣájà fóònù àtijọ́ tó ń gbé 5W jáde lè lo wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kún bátìrì 7,000mAh. Ní àdúgbò tí iná kì í ju wákàtí 3 lọ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì ò ní kún láéláé nìyẹn. Ẹ béèrè iye W tí ẹ̀rọ lè gbà, kí ẹ sì wá ṣájà tó bá a mu. Àwọn tó gbára lé power bank náà ní láti mọ̀ pé 10,000mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í wọ inú ẹ̀rọ tán. Apá kan máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, èyí tó ń wọlé gan-an sábà máa ń tó bíi 6,000mAh.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jóná. Tábúlẹ́ẹ̀tì lè tuntun nínú páálí, kí Android inú rẹ̀ ti gbó. Bí Android bá ti gbó, àwọn áàpù á máa kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ààbò rẹ̀ á sì máa dín kù. Android 13 jáde ní ọdún 2022, 14 ní 2023, 15 ní 2024. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ bá ọmọ òun parí girama, kó má gba èyí tó kéré ju 13 lọ.

Ẹ lè fi àwọn kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣe òṣùwọ̀n, bí ẹ ò bá tilẹ̀ ní rà wọ́n. Samsung Galaxy Tab A9, tó jáde ní 2023, jẹ́ 8.7 íǹṣì, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,100mAh. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, A9+, jẹ́ 11 íǹṣì, 1920×1200, bátìrì 7,040mAh. Èyí tó kéré jù nínú àwọn méjèèjì ní RAM 4GB àti mẹ́mórì 64GB. Redmi Pad SE, tó jáde lọ́dún kan náà, jẹ́ 11 íǹṣì, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 8,000mAh. Ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè iye tí irú èyí ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá wá ní òun ń ta RAM 16GB, mẹ́mórì 512GB àti 5G ní ìdajì owó yẹn, ẹ bi ara yín pé kí ló ń jẹ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Tòkunbọ̀ tó dára lè ju tuntun tí ò dára lọ. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ gidi tí wọ́n ti lò fún ọdún méjì lè sin ọmọ dáadáa ju ayédèrú inú páálí lọ. Àmọ́ pàkúté mẹ́ta wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni iPad tó ti gbó. Apple kì í sọ ẹ̀rọ di ọ̀tun títí ayé. iPad Air 2 àti iPad mini 4 dúró lórí iPadOS 15. Ìran karùn-ún iPad, tó jáde ní 2017, dúró lórí 16. Ti 2018 dúró lórí 17. Ti 2019 dúró lórí 18. Ẹni tó bá fẹ́ iPad àlòkù, kó má lọ sẹ́yìn ju ìran kẹjọ tó jáde ní 2020. Ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà General, lẹ́yìn náà About, ẹ óò rí orúkọ àti ìran rẹ̀ níbẹ̀.

Ìkejì ni títì pa. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ò bá tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ á máa béèrè password rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹni tó rà á lè ṣe. Bákan náà ni àwọn tó jẹ́ ti iléèwé tàbí ilé-iṣẹ́ lókè òkun tẹ́lẹ̀: ọ̀gá ibẹ̀ ṣì lè máa darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà lójú yín, kó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bí ó bá béèrè orúkọ ẹlòmíì tàbí tó sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ń bójú tó òun, ẹ dá a padà.

Ìkẹta ni tábúlẹ́ẹ̀tì Fire ti Amazon. Ẹ̀rọ gidi ni, owó rẹ̀ kì í sì í ga. Ṣùgbọ́n kì í bá Google Play wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí náà ọ̀pọ̀ áàpù tí olùkọ́ bá ní kí ọmọ gbà lè má sí níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń gba áàpù. Ó dára fún kíka ìwé. Ẹni tó bá nílò Google Classroom kó kọjá lára rẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù: ìṣẹ́jú 15 tó lè gba owó yín là

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbé fóònù tó ní dátà dání, kí ẹ ṣe hotspot fún ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ṣe nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó:

1. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán òkè lápá ọ̀tún, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà About. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Play Protect certification sí. Bí kò bá sọ pé ẹ̀rọ náà jẹ́ certified, ẹ fi í sílẹ̀.

2. Ẹ dáńlóòdù CPU-Z, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń sọ irú ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀rọ, RAM rẹ̀ àti Android rẹ̀. Ẹ wo API Level: Android 13 jẹ́ 33, 14 jẹ́ 34, 15 jẹ́ 35. Bí Settings bá ń pariwo Android 13, tí API ń sọ 27, Android 8.1 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí MT6580 gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ rẹ̀, ọpọlọ ọdún 2015 nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G ló mọ, kò lè gbé 4G, ká má tíì sọ 5G.

3. Ẹ ṣe kámẹ́rà rẹ̀ kí ẹ rí i pé ó ya bébà ní kíkà, torí ọmọ á máa ya iṣẹ́ àmúrelé ránṣẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn yín padà.

4. Ẹ gbé ìwé PDF gidi kan dání lórí fóònù yín, pàápàá èyí tí wọ́n skáànì, tó wúwo. Ẹ fi ránṣẹ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sáré láti ojú ewé 1 dé 50. Bó bá ń dúró, tó ń funfun lójú, bó ṣe máa ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

5. Ẹ wo iye bátìrì nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ẹ parí. Bó bá ti jẹ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú 15, bátìrì náà ò dára.

6. Ẹ fi ìka fa nǹkan kan yí gbogbo ojú ẹ̀rọ ká, títí dé igun. Ibi tí kò bá gbọ́ ìka, ó ti kú.

7. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ mì í díẹ̀. Bí ihò rẹ̀ bá ń já, àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta ojúlówó ò ní bínú sí ẹni tó ń yẹ ọjà wò. Ẹni tó bá ní “Ẹ má ṣí i, ẹ lọ ṣí i nílé,” ẹ bá a kí ara ẹ̀ pé ó dàbọ̀. Kí ẹ sì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ, RAM, mẹ́mórì àti àkókò wọ́ráńtì sí. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí wọ́n ta ọjà tó ní àbùkù fún, àjọ FCCPC sì ń gba ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n láìsí rìsíìtì, ẹnu lásán ni ọ̀rọ̀ máa dà.

Owó tí kò sí lára páálí

Iye tí wọ́n pe ẹ̀rọ kọ́ ni gbogbo iye tó máa náni. Àpò ìbora tó lè gba ìṣubú, gíláàsì ojú, ṣájà tó bá a mu, mẹ́mórì káàdì àti kíbọ́ọ̀dù náà ń gba owó. Ó dára kí òbí yọ owó àpò ìbora àti gíláàsì sílẹ̀ kó tó lọ sọ́jà, torí ojú ẹ̀rọ tó bá fọ́ lè gba owó tó sún mọ́ ìdajì ẹ̀rọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: A9 tó ní àpò ìbora sàn ju A9+ tó ń lọ bọ̀ nínú báàgì iléèwé ní ìhòòhò.

Bí owó ò bá tó rárá ńkọ́? Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kò sì sí ìdí láti ra ayédèrú torí kí ọmọ má bàa sunkún. Fóònù Android tó wà nílé, bó bá ní RAM 3GB, lè gbé áàpù ìdánrawò àti Kiwix. Àwọn ìwé tó gùn ni wọ́n lè tẹ̀ sórí bébà. Àwọn ọmọ mẹ́rin ládùúgbò kan lè dá owó jọ láti máa lọ sídìí kọ̀ǹpútà ní káfé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí JAMB tó dé. Owó tó kù á wà nílẹ̀ títí tí á fi tó ra èyí tó ṣeé rà.

Ní kúkúrú, ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ́la lè kọ eléyìí sínú bébà kan kó kì í bọ àpò: ojú ẹ̀rọ 8 íǹṣì sókè, 1280×800 ó kéré tán; RAM gidi 4GB; mẹ́mórì 64GB; Android 13 sókè; bátìrì 5,000mAh fún 8 íǹṣì, 7,000mAh fún 10 sókè; Play Protect certified; rìsíìtì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá délé, kí òbí àti ọmọ jọ jókòó tì í, kí wọ́n kó ìwé sáà náà sínú rẹ̀ kí géèmù tó wọlé. Kí wọ́n wá pa hotspot, kí ọmọ ṣí ìwé kan kó kà á sókè. Bó bá ṣí, tí lẹ́tà sì hàn, owó àjọ ìyá ò ṣòfò.